Irun Inú Òòyà ní Ilé Ẹja

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn níbí. Mo mọ orúkọ nọ́ọ̀sì tó pa ojú ọmọ mi dé, wọ́n sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì mọ orúkọ gbogbo obìnrin tó wá jókòó tì mí lórí ẹní nígbà ọ̀fọ̀. Orí mi kì í gbàgbé orúkọ. Ìwé ni kò rí àyè jókòó sínú rẹ̀, nítorí ìwé kẹta ni mo kà dé kí bàbá mi tó ní kí n wá máa bá ìyá mi yan ẹja. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ orúkọ kankan sínú ìwé kàyé yìí. Bí mo bá kọ ti ẹnì kan, àfi kí n kọ ti ọmọ mi, ọwọ́ mi kò sì tíì lè kọ ọ́.

Àbígbẹ̀yìn mi ni. Òun ló fẹ́ ará Jàpáànù. Ọkùnrin náà wá sí Àjàṣẹ́ níbí láti bá àwọn apẹja ọ̀sà wa ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ó máa ń wọ inú omi dé àyà pẹ̀lú wọn níbi tí wọ́n ti ń gún ẹ̀ka igi sílẹ̀ fún akájà, èyí tí ẹja máa ń wọ̀ lọ bí ẹni pé ilé ni, títí wọn yóò fi fi àwọ̀n yí i ká. Ibi ààrò ẹja mi ló ti rí ọmọ mi. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní etí omi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní mo fi gbogbo ayé mi yan ẹja, mo wá lọ fa ọmọ fún ẹni tó ń jẹ ẹ́ ní tútù. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà mọ̀wà hù, ó máa ń tẹrí ba kí mi ju àwọn ọmọ ilé lọ. Ó fi Faransé díẹ̀díẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà fi Faransé ọjà dá a lóhùn, a sì máa ń gbọ́ ara wa dé ibi tí a bá lè gbọ́ ọ dé.

Wọ́n lọ. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan sí Jàpáànù. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́jọ ní ọdún tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ìyá rẹ̀, tí kò sì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ ní ọsibítù.

Nínú ilé ọkọ mi ní àdúgbò Dowa, ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, tí òkú rẹ̀ kò lè wálé, wọn á gé irun àti èékánná rẹ̀, wọn á fi aṣọ funfun dì í, a ó sì sin ín sí yàrá tí ibojì àwọn baba ọkọ mi wà. Láìsí èyí, ẹni náà ṣì wà lọ́nà. Àwọn ààfáà ti kírun sí ọmọ mi lára láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ní ó ti tó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, òun ni àgbà ilé báyìí, ní ó tó fún mọ́sáláṣí, kò tó fún ilé.

Òun náà ló rán mi létí irun àti èékánná ní òwúrọ̀ tí a gbọ́. Mo mú telefóònù, mo fi ohùn mi sínú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gé irun rẹ̀, kí wọ́n gé èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún mi. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè yé wọn. Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo wo nọ́ńbà tí mo tẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ yẹn, ti ọmọ mi ni. Òun ló máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún ọkọ rẹ̀. Òun náà ni mo ń bẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí wọ́n gé irun rẹ̀ fún mi. Kí a tó rí ẹni tó mọ Faransé dáadáa láti pe ọkọ rẹ̀, iná ti ṣe tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, sísun ni wọ́n ń sun òkú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni àna mi fi ìwé ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n wá, kí ọmọ lè rí mi. Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè mí wọ yàrá òkú. Ó ti ní kí wọ́n gbẹ́ ihò kékeré kan sí igun rẹ̀, kò ju agolo wàrà lọ.

Ó ní, "Ìyàwó, má padà wá lọ́wọ́ òfo. Bó jẹ́ ẹyọ irun kan ni, mú un wá. Ṣùgbọ́n ohun tí iná bá ti jẹ, má gbé e wọ ilé yìí."

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, ìyàwó ló ṣì ń pè mí.

Ilé tí wọ́n ń gbé lọ́hùn-ún mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Wọ́n ti fọ gbogbo aṣọ ọmọ mi, wọ́n ti ká a sínú àpótí. Wọ́n ti fọ aṣọ ibùsùn, wọ́n ti pààrọ̀ ìrọ̀rí. Lójoojúmọ́, bí àna mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí ọmọ ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, màá máa wá irun. Mo yí ọrùn gbogbo ẹ̀wù òtútù rẹ̀ síta. Mo yẹ inú fìlà rẹ̀ wò. Mo fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ ẹní tí wọ́n tẹ́ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni àna mi padà dé lójijì, ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀ nídìí àpótí, tí orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀ tán. Mi ò lè parọ́. Mo fi Faransé tí mo ní sọ ohun tí mo wá fún un.

Ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní egungun ìyàwó òun tí iná kò jẹ tán wà ní ibojì àwọn òbí òun, pé òun lè bẹ àlùfáà ẹ̀sìn wọn tó ń ṣọ́ ọ kí wọ́n bu díẹ̀ fún mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gé nínú ẹran ara rẹ̀ fún ènìyàn. Mo ní mi ò lè gbà á. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi Faransé sọ pé iná ti jẹ ẹ́, mo ṣáà ń mi orí. Ó rò pé mo kọ̀ nítorí ìbínú. Ó tẹrí ba, ó dìde.

Ọmọ náà ńkọ́? Ó ń wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo àlejò tó jọ ẹnì kan. Ó máa ń tẹrí ba kí mi láàárọ̀, á sì dúró jìnnà sí mi tó ìwọ̀n apá méjì. Irun rẹ̀ bà mí nínú jẹ́. Ó nípọn bíi ti ìyá rẹ̀, ó rọ̀ bíi ti bàbá rẹ̀, bàbá sì ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú rọ́bà kan ṣoṣo láràárọ̀, ó ti lọ́ mọ́ra, ó ti di kókó nídìí. Ọwọ́ mi ń yún mi láti tú u. Mi ò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n mú mi lọ sí ilé ẹja, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹja láàyè sínú dígí kí ènìyàn lè wá wò wọ́n. Níbẹ̀ ni àna mi ti ń ṣiṣẹ́. Ilé kékeré ni, lórí àpáta létí òkun, iyọ̀ ti jẹ irin ilẹ̀kùn rẹ̀. Nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń lọ, ó sọ fún mi pé gbogbo Sátidé ni ìyàwó òun máa ń bá òun lọ, pé àga kan wà níwájú dígí ńlá níbi tó máa ń jókòó sí, á máa di irun fún ọmọ títí òun yóò fi bọ́ ẹja tán.

Mo ti rò pé màá rí ẹja tí ojú kò rí rí. Ó ní rárá, ẹja inú omi tó wà níwájú ilé náà nìkan ni wọ́n kó síbẹ̀, àwọn apẹja àdúgbò ló ń mú wọn wá láàyè. Òótọ́ sì ni. Lára àwọn tí mo kọ́kọ́ rí ni àtòkò. Mo ti yan àtòkò tó lè kún ilé yẹn dé òrùlé, ṣùgbọ́n mi ò rí abẹ́ rẹ̀ rí bí ó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Nínú dígí mìíràn, ìkòkò amọ̀ kan dùbúlẹ̀, ẹran omi kan tó lẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ká ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ojú rẹ̀ kan ń wò wá. Àna mi ní okùn gígùn ni àwọn apẹja wọn ń so ìkòkò mọ́, wọn á jù ú sísàlẹ̀ omi, ẹran náà á wọlé fúnra rẹ̀, á rò pé òun ti nílé. Mo ní akájà nìyẹn. Ó ní, akájà ni, Màmáà.

Mo bi í pé ọjọ́ wo ni wọn yóò yan gbogbo èyí. Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo dé.

Ó ní, "A kì í yan wọ́n. A ó máa bọ́ wọn títí wọn yóò fi darúgbó."

Mo ní ẹja arúgbó, ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ lójú mi rí. Ó ní ohun tí ìyàwó òun sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó wọ bàtà omi rẹ̀, ó fi wá sílẹ̀.

Dígí ńlá náà ga tó ilé. Ẹja ń yípo nínú rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà yípo, ìmọ́lẹ̀ omi sì ń mì lórí ilẹ̀. Mo jókòó sórí àga. Ọmọ dúró, ó wo àga, ó wò mí. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó mú òòyà kan jáde. Mo mọ òòyà yẹn. Òòyà igi ni, eyín kan ti ká nínú rẹ̀, èmi ni mo fi sínú ẹrù ọmọ mi lọ́jọ́ tó fi Àjàṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ fi í lé mi lọ́wọ́, ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó sì jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún mi méjèèjì.

Mo tú rọ́bà. Láìronú, mo ní, "Jókòó dáadáa." Ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Mo ní, "Tẹ orí sílẹ̀." Ó tẹ orí sílẹ̀. Kò tíì gbọ́ Yorùbá kankan tí mo sọ láti ìgbà tí mo dé, kò mọ omi, kò mọ wá jẹun, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ti irun dídì. Ìgbà tí mo dé ìpàkọ́ rẹ̀, níbi tó ti di kókó, ó ní, "Ó dùn mí." Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Mo ní pẹ̀lẹ́, ó kù díẹ̀. Irọ́ ni mo pa, ó ku púpọ̀.

Pàtẹ́wọ́ ni mo dì fún un. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń rọra wò wá. Àtòkò ń yípo. Mo rò nínú ara mi pé, bí mi ò bá rí ohun tí wọ́n rán mi, mo ṣáà rí èyí.

Òòyà náà dọ̀tí nígbà tó fi lé mi lọ́wọ́, irun há sí ìdí eyín rẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ ṣa gbogbo rẹ̀ kúrò kí n tó bẹ̀rẹ̀, bí èyíkéyìí nínú wa ṣe máa ṣe. Lẹ́yìn náà, bí mo bá ti ya irun lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin, màá ṣa èyí tó bá já, màá fi ìka ká a mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Kò sí obìnrin tí wọ́n tọ́ nílé wa tó jẹ́ fi irun ọmọ sílẹ̀ nínú òòyà tàbí nílẹ̀, kí ẹni tí a kò mọ̀ rí i ṣa. Ìgbà tí mo dì í tán, irun tí mo ká jọ ti tó ẹyin ẹyẹlé. Mo dì í mọ́ etí ìró mi, kí n lè sun ún bí a bá délé.

Ọmọ dìde. Ó fi ọwọ́ tọ orí ara rẹ̀, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí láàárín ẹja, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gba òòyà lọ́wọ́ mi láti fi í padà sínú àpò. Ó dúró. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó yí i padà. Ó wo itan mi, ó wo orí àga, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó sọ nǹkan kan ní èdè wọn, ó tún un sọ. Mo rò pé yẹtí rẹ̀ ló jábọ́. Mo kúnlẹ̀ tì í, àwa méjèèjì ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀ lábẹ́ àga, èmi ń bá a wá ohun tí mi ò mọ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ.

Bàbá rẹ̀ bá wa báyẹn, omi ń kán lára bàtà rẹ̀. Ọmọ fi òòyà hàn án. Ó wò ó, kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ fún mi.

Ó ní, "Màmáà, irun ìyá rẹ̀ ló wà nínú òòyà yẹn. Láti ìgbà tó ti kú, ọmọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Èmi gan-an kò mọ ibi tó ń fi í pamọ́ sí."

Mo tú etí ìró mi. Mo gbé ìdì irun náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ohun tí mo wá lábẹ́ àpótí, tí mo wá lọ́rùn ẹ̀wù, ọwọ́ mi ló ti wà fún odidi wákàtí kan. Ìka mi ló ká a. Mo ká irun alààyè mọ́ irun òkú, mo lọ́ ọ mọ́ra pinpin, bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Ọkùnrin náà ní, "Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ wá ṣe nìyí? Ẹ mú un lọ. Màá ṣàlàyé fún ọmọ."

Mo ní, "Òun ni. Ṣùgbọ́n irun ọmọ yìí wà nínú rẹ̀. Tí mo bá sin ín sáàárín òkú, ọmọ yìí ni mo sin."

Mi ò mọ̀ bóyá ó yé e. Ó ṣáà wo orí ọmọ rẹ̀, pàtẹ́wọ́ tuntun tó wà níbẹ̀, kò sì tún sọ pé kí n mú un lọ. Ó bi mí bóyá a lè yà á sọ́tọ̀. A jókòó sórí àga náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tẹ́ gèlè mi sórí itan, a bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Ti ìyá máa ń ká ju ti ọmọ lọ. Mo mọ irun ọmọ mi, èmi ni mo dì í títí ó fi dàgbà. Èyí tó ká, mo fi sí apá ọ̀tún. Èyí tó rọ̀, mo fi sí apá òsì. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ kò ká, kò sì rọ̀. Mo wá fa ẹyọ kan yọ tó dá mi lójú, mo fi han ọmọ, mo ní, "Màmá." Ó wò ó pẹ́. Ó mi orí. Ó fa ẹyọ irun kan nínú tirẹ̀ ní ẹ̀bá etí, níbi tí mi ò dì pọ̀, ó nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọwọ́ mi. Bákan náà ni wọ́n rí.

Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹyọ kan tó dá mi lójú mọ́. Wọ́n ti ń pa iná ilé ẹja. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ, mo fún ọmọ. Ó gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ padà sáàárín eyín òòyà, ó jábọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún jábọ́. Ó wá dì í mọ́ inú aṣọ ìnujú rẹ̀. Kò bú mi, kò sunkún. Nínú ọkọ̀, ó fi orí ti fèrèsé, ó sùn.

Mo padà sí Àjàṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti jókòó sí yàrá náà kí n tó dé, aṣọ funfun wà lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, kí lo mú bọ̀?" Mo jókòó sílẹ̀, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo dé ibi tí mo ti ń ṣa òòyà mọ́, ó ní kí n dúró.

"Ta ló kọ́ ẹ pé kí o máa ṣa irun inú òòyà?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Ìyá."

Ọdún tí mo kọ́kọ́ wọ ilé náà ni, mo gbàgbé òòyà sórí fèrèsé pẹ̀lú irun nínú rẹ̀, ó sì fi ìdí ìgbálẹ̀ gbá mi lọ́wọ́. Mi ò gbàgbé mọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi náà gbá ọmọ mi lọ́wọ́ nítorí rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ ìdí tó fi jẹ́ kí irun há sínú tirẹ̀ lọ́hùn-ún, bóyá àárẹ̀ ti mú un nígbà yẹn.

Ó ń ká aṣọ funfun náà, ó ń tú u.

Ó ní, "Kí ló dé tí o ò kúkú parọ́ fún mi, Ìyàwó? Ìwọ ì bá mú ẹyọ irun kan wá, kí o ní òun ni. Ta ló máa mọ̀?"

Mo ní ó wá sí mi lọ́kàn nínú ọkọ̀ òfuurufú. Tèmi nìkan ló wà nítòsí, gbogbo rẹ̀ sì ti funfun. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi náà bá a sunkún.

Kò jẹ́ kí wọ́n dí ihò náà. Ó fi àwo tánganran kan dé e lórí, ó ń gbálẹ̀ yípo rẹ̀ láràárọ̀. Bí mo bá wọlé, á ní kí n ṣọ́ ẹsẹ̀ mi.

Ní Sátidé, àna mi máa ń pè láti ilé ẹja, á gbé telefóònù síwájú ọmọ lórí àga náà. A jọ ń wo ara wa. Mo máa ń ní, "Tẹ orí sílẹ̀." Á tẹ orí sílẹ̀ kí n lè rí i. Ọ̀sẹ̀ kìíní, irun tí mo dì ṣì dúró. Sátidé tó kọjá, ọ̀nà méjì ti tú níwájú, ti ìpàkọ́ sì ti ń lọ́ mọ́ra padà. Mo na ọwọ́ títí ìka mi fi kan dígí telefóònù. Ó tutù. Ọmọ dúró bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ sílẹ̀, ó ń retí kí n sọ pé ó ti tó.